Àárẹ̀ Olùkọ́ ní Ọdún Àkọ́kọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹfun ìkọ̀wé bọ́ lọ́wọ́ mi níwájú pátákó. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ méjì, mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹta. Mi ò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ. Orí ìdúró ni mo wà, mo fi orí ti pátákó, mo sì sùn. Ẹ̀rín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló jí mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Mo bi ara mi pé: «Ṣé mo lè ṣe iṣẹ́ yìí dé òpin ọdún?»

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tuntun, ọ̀rọ̀ àárẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń tijú láti sọ ọ́. A rò pé bí a bá ní ó rẹ̀ wá, àwọn ènìyàn yóò pè wá ní ọ̀lẹ. Nítorí ìtìjú yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù kíláàsì mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ẹ̀mí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè fi tèmi kọ́gbọ́n.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Oṣù kejìlá 2015 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ní abúlé kan nítòsí Kétu. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ilé-ìwé títí mo fi jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì. Yorùbá ni mo ń sọ nílé, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Àwọn tó gbà wá síṣẹ́ kọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n kọ́ wa ní álífábẹ́ẹ̀tì àti àmì ohùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún wa ní pátákó, ẹfun, ìwé àti àtùpà, ó di ojú iṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ 28 ló forúkọ sílẹ̀. Obìnrin jẹ́ 21, ọkùnrin jẹ́ 7. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ló ń ṣe gàrí. Àwọn ọkùnrin ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Gbogbo wọn ń fẹ́ mọ ìwé. Ọ̀kan fẹ́ máa ka òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ kí àwọn oníṣòwò má baà rẹ́ ẹ jẹ. Òmíràn fẹ́ máa fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé dípò kí ó máa tẹ ìka. Ìyá àgbà kan sì wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìlera ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Inú mi dùn gidigidi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo pinnu pé kíláàsì mi ni yóò dára jù lọ ní agbègbè wa. Ẹ wo bí ọjọ́ mi ṣe rí nígbà náà:

Ní aago márùn-ún ìdájí, mo ti jí. Mo lọ sí oko, n kò dé títí di aago méjì ọ̀sán. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo tún lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá ní alẹ́ àná, láti ilé dé ilé. Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ gbálẹ̀ kíláàsì, mo pọn omi sí ìkòkò, mo to àga, mo tan àtùpà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń kọjá aago mẹ́wàá kí a tó túká. Nígbà tí mo bá délé, mo tún jókòó láti múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì sílẹ̀.

Ibi ìmúra yìí gan-an ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Èdè Faransé ni mo fi ń ronú ẹ̀kọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo kọ́kọ́ kọ gbogbo rẹ̀ ní Faransé, kí n tó yí i padà sí Yorùbá. Àmì ohùn sì ń dà mí láàmú. Bí mo bá fẹ́ kọ ọkọ, tí í ṣe ọkọ ìyàwó, àti ọkọ́ tí a fi ń ro oko, àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò, mo ní láti sọ ọ́ jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dá mi lójú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òru dájú kí n tó parí. Oorun wákàtí mẹ́rin tàbí díẹ̀ sí i ni mo ń sùn. Ọjọ́ márùn-ún ni mo ń ṣe èyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí àárẹ̀ ṣe fún mi

Oṣù kìíní ti kọjá kí n tó mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ohùn mi ti há. Orí ń fọ́ mi ní ọ̀sán. Ìyàwó mi bá mi sọ̀rọ̀, n kò gbọ́. Ọmọ mi sunkún, mo jágbe mọ́ ọn. Bí mo bá rí i tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, inú mi kì í dùn mọ́. Mo máa ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ kí wọ́n má lè wá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni a wà!

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, mo ní kí ìyá àgbà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ dìde wá ka gbólóhùn kan lórí pátákó. Ó kà á, ó ṣì í. Ó tún kà á, ó tún ṣì í. N kò mọ ohun tó wọ̀ mí lára. Mo pariwo pé: «Láti oṣù kejìlá! Ṣé ẹ kò ní ọpọlọ ni?»

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Ìyá náà jókòó. Kò sọ nǹkan kan. Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi ìborùn bo orí, ó jáde lọ. Obìnrin tó dàgbà ju ìyá mi lọ ni. Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn kò wá mọ́. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, akẹ́kọ̀ọ́ 28 ti di 13.

Oògùn tí mo rà lọ́jà

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gun zémìjàn pé ó ń rẹ̀ mí. Ó ní oògùn wà. Ó ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ń lò ó láti ṣiṣẹ́ dé òru, àti pé àwọn alágbàṣe ń lò ó láti kọ ebè. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó tẹ́ oògùn sílẹ̀ lọ́jà, láàárín iyọ̀ àti ọṣẹ. Mo ra mẹ́rin. Orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ ni tramadol.

N kò ní purọ́ fún yín. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí mi. Mo kọ́ wọn títí di aago mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan kò tó mọ́, mo lo méjì. Èébì ń gbé mi, oúnjẹ kò wù mí jẹ, ara ń yún mi. Bí n kò bá lò ó, ara mi á máa gbọ̀n, inú á máa bí mi. Mo tún lọ rà sí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti wá mọ̀ nípa oògùn yìí. Oògùn ìrora ni. Àwọn dókítà máa ń lò ó fún ìrora ńlá, irú èyí tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kò ń fún ènìyàn lágbára. Ó kàn ń bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, bí ẹni fi ẹní bo ihò tó wà láàárín ilé. Ihò náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí ènìyàn bá lò ó jù, gìrì lè mú un. Mímí rẹ̀ lè dínkù títí ẹ̀mí á fi bọ́, pàápàá bí ó bá mu ọtí mọ́ ọn. Ó sì ń di bárakú. Ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́, kí ó má ṣe dá nìkan jà á. Kí ó lọ rí òṣìṣẹ́ ìlera, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Oògùn orí tábìlì ọjà tún ní ewu mìíràn. A kò mọ ẹni tó ṣe é. A kò mọ bí oòrùn ṣe pa á tó. Ayédèrú pọ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì 2017, ìjọba Benin kó oògùn rẹpẹtẹ ní ọjà Adjégounlè ní Kútọnu, wọ́n sì tú àwọn tó ń tà á níbẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n bí àwa tí à ń rà á kò bá dẹ́kun, ẹni tí yóò tà á fún wa kò ní wọ́n.

Ibà tí mo pè ní àárẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí mú mi ní ọ̀sán gangan. Gbogbo oríkèé ara ń ro mí. Mo ní àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Ìyàwó mi ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn, mo ní n kò ráyè. Mo lo tramadol méjì, ìrora náà rọlẹ̀, mo lọ kọ́ kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ṣubú lójú ọ̀nà oko. Àwọn ọmọdé tó ń kó igi ìdáná ló rí mi. Wọ́n gbé mi sórí zémìjàn, ẹnì kan di mí mú lẹ́yìn, wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ gún mi lórí ìka, ó mú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ó fi dán ibà wò. Kò tó ìdajì wákàtí tí èsì fi jáde. Ibà ni, ó sì ti wọ̀ mí lára. Ó fa ìpéǹpéjú mi sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó funfun. Ó ní ibà náà ti ń jẹ ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n dá mi dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí ojú mi là, nọ́ọ̀sì náà jókòó tì mí. Ó ní: «Ọ̀gbẹ́ni olùkọ́, kí ni ẹ ń lò kí ẹ tó dé ibí?» Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ fún un. Kò bú mi. Ó ní: «Oògùn yẹn ló bo ibà yín mọ́lẹ̀. Ó pa ìrora, kò pa ibà. Bí ẹ bá ti wá ní ọjọ́ kìíní, ìdánwò kan àti oògùn ọjọ́ mẹ́ta ni ìbá jẹ́, ẹ kò ní sùn sí ibí.»

Ó wá bi mí pé: «Ṣé ẹ ń sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn?» Mo ní mo ní àwọ̀n, ṣùgbọ́n bí mo bá ti parí ìmúra ẹ̀kọ́ ní òru, orí àga tàbí orí ẹní lóde ni mo máa ń sùn sí. Ó mi orí. Ó ní: «Ẹ ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ìlera, ẹ sì ń fi ara yín fún ẹ̀fọn jẹ.» Òótọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ̀kọ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ni mo kọ́ wọn!

Àárẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan

Nọ́ọ̀sì náà là á yé mi pé àárẹ̀ ní oríṣi mẹ́ta. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n.

Èkíní ni àárẹ̀ iṣẹ́. Ènìyàn ṣiṣẹ́, ó rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹun dáadáa, tí ó sì sùn dáadáa, á lọ. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje, ó kéré tán, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí oògùn tó lè rọ́pò rẹ̀.

Èkejì ni àárẹ̀ àìsàn. Eléyìí kì í lọ bí ènìyàn bá sùn. Ibà lè fà á. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á. Bí ènìyàn bá ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ó ń rù, tí òógùn ń bò ó lóru, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló lè jẹ́. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, àtọ̀gbẹ ló lè jẹ́. Ilé ìwòsàn nìkan ló lè dá wọn mọ̀. Ní Benin, a kì í gba owó fún oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ẹ̀kẹta ni àárẹ̀ ọkàn. Iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ á di ẹrù lójú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí wọ́n ń pè ní OMS, sọ̀rọ̀ lórí àárẹ̀ yìí. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ ń fà ni, bí wàhálà iṣẹ́ bá pọ̀ tó pẹ́, tí a kò sì bójú tó o. Wọ́n ní àmì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: agbára ènìyàn á tán, ọkàn rẹ̀ á kúrò lára iṣẹ́ náà tàbí kí ó máa kórìíra rẹ̀, á sì rí i pé òun kò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa mọ́. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí bí mo ṣe ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo rántí ariwo tí mo pa mọ́ ìyá àgbà.

Ní tèmi, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lára mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ìyá àgbà sọ

Nígbà tí mo kúrò ní ilé ìwòsàn, n kò lọ sí kíláàsì. Ilé ìyá àgbà ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo bá a nídìí agbada gàrí, èéfín bo ojú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní: «Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ohun tí mo sọ sí yín kò dára. Àárẹ̀ ló ṣe mí.»

Ó ń yan gàrí rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní: «Dìde, ọmọ mi. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ló rẹ̀? Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti wà nídìí iná yìí. Bí mo bá dé kíláàsì, ojú mi ń ta mí nítorí èéfín. Lẹ́tà tí o ń kọ kéré. Àtùpà rẹ jìnnà sí mi. Mo ń wò ó, n kò rí i. Nígbà tí o pariwo, n kò gbọ́ ohun tí o sọ mọ́, ariwo nìkan ni mo gbọ́.»

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Fún oṣù méjì, mo rò pé ìyá yìí kò lóye. Kò ríran ni!

Ó tún ní: «Jẹ́ kí n bi ọ́. Ta ló ń gbálẹ̀ kíláàsì? Ìwọ ni. Ta ló ń pọn omi? Ìwọ ni. Ta ló ń tan àtùpà, ta ló ń to àga, ta ló ń lọ pe ẹni tí kò wá? Ìwọ náà ni. Àwa á wá jókòó bí àlejò. Ṣé ilé rẹ ni kíláàsì yẹn, àbí tiwa ni? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. O kò pè wá, o wá ń bínú pé ẹrù wúwo.»

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló là mí lójú. Mo ti rò pé olùkọ́ rere ni ẹni tó ń ṣe gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíláàsì tí olùkọ́ nìkan ń gbé, bí olùkọ́ bá ṣubú, kíláàsì náà á ṣubú.

Ohun tí a yí padà

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló lọ pe àwọn obìnrin tó ti dá dúró. A ṣe ìpàdé. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ gbogbo wọn. A wá fi ẹnu kò lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí:

A dín ọjọ́ ẹ̀kọ́ kù. Dípò alẹ́ márùn-ún, a ń ṣe mẹ́ta. A ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àbọ̀, a sì ń túká ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ dùn. Mo bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ yóò falẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò sùn lójú ẹ̀kọ́ ń gbọ́ ju àwọn tó ń tòògbé lọ.

A pín iṣẹ́ kíláàsì. Ẹni méjì ń gbálẹ̀, ẹni méjì ń pọn omi, ọkùnrin kan ló ni ìtọ́jú àtùpà. Wọ́n ń gba ipò ara wọn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ ẹni tí kò wá wò. Ó mọ ilé wọn jù mí lọ, ó sì tètè ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

A jókòó yí àtùpà ká. Àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa ń jókòó síwájú. Èmi náà ń kọ lẹ́tà gbọ̀ngbọ̀n. Mo sì ní kí àwọn tí ojú ń dùn lọ rí òṣìṣẹ́ ìlera.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ń ran àwọn yòókù lọ́wọ́. A pín ara wa sí ẹgbẹ́ mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mọ̀wé díẹ̀ ló ń darí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi ń lọ láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì. Nípa bẹ́ẹ̀, n kò pariwo mọ́ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, ohùn mi sì padà. Mo tún ń mu omi kí n tó bẹ̀rẹ̀ àti láàárín ẹ̀kọ́. Ohùn olùkọ́ dà bí ọkọ́ àgbẹ̀. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kí olùkọ́ lọ fi ọ̀nà ọ̀fun han dókítà.

Mo yí ọ̀nà tí mo ń gbà múra ẹ̀kọ́ padà. N kò kọ ọ́ ní Faransé mọ́. Ní òpin ẹ̀kọ́, mo ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: «Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ fẹ́ kọ ní ọjọ́ mìíràn?» Wọ́n á ní gàrí, òṣùwọ̀n, gbèsè, àjẹsára. Ọ̀rọ̀ náà ni a ó fi ṣe ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo ń múra ti ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lójú ewé méjì. Bí àmì ohùn kan bá rú mi lójú, mo ń kó o dé iwájú kíláàsì, gbogbo wa á jọ sọ ọ́ jáde títí yóò fi yé wa. N kò tijú mọ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ pé olùkọ́ náà ń kọ́ ẹ̀kọ́.

A ṣe àáró lórí oko. Àwọn ọkùnrin méje inú kíláàsì àti èmi ń ro oko ara wa ní yíyí po. Oko tí ìbá gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ kan la fi ń parí rẹ̀.

Nílé, èmi àti ìyàwó mi jọ sọ̀rọ̀. Mo ń jẹun kí n tó lọ sí kíláàsì, kì í ṣe ìgbà tí mo bá dé. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tútù, ẹja àti ẹyin ń fún ara ní ohun tó fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí a bá jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ mọ́ ọn, ara á túbọ̀ rí i lò. Ní aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́, mo ti wà lábẹ́ àwọ̀n. Bí iṣẹ́ kò bá parí, ó dọ̀la.

Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

N kò ní sọ pé gbogbo nǹkan dára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbà mí ju oṣù kan lọ kí agbára mi tó padà. Ọkàn mi ń fà sí tramadol fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nọ́ọ̀sì náà sì ní kí n máa wá rí òun ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi onízémìjàn bínú sí mi nítorí mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ 28, 22 ló padà. Mẹ́fà kò padà mọ́, ó sì ń dùn mí dòní.

Ní òpin oṣù kẹfà, a ṣe ìdánwò. 17 ló yege. Ìyá àgbà kò yege ní ọdún yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló yege. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe ìdánwò náà, ó wá bá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìwé ìlera ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ọjọ́ kan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní: «Olùkọ́, ṣé kì í ṣe ọ̀la lèyí?» Mo wò ó. Ọ̀la ni lóòótọ́. Ọ̀la ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìyá rẹ̀ sì ti gbàgbé.

Mo máa ń ronú pé bí n kò bá lọ dọ̀bálẹ̀ nídìí agbada gàrí yẹn, ta ni ìbá ka ọjọ́ náà?

Ẹ̀yin olùkọ́ tuntun, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó tàbí ọkọ yín, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, fún ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ yín. Bí ara bá gbóná, ẹ lọ ṣe ìdánwò ibà ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ra agbára lórí tábìlì ọjà. Ẹ sùn. Ẹ pín ẹrù náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo ojú olùkọ́ yín dáadáa. Bí ẹ bá rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ má dúró kí ó pè yín. Ẹ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè tí a lè jọ jíròrò

1. Kí nìdí tí olùkọ́ yìí kò fi tètè lọ sí ilé ìwòsàn?

2. Ta ló ń lo oògùn ọjà láti ṣiṣẹ́ ní abúlé wa? Báwo ni a ṣe lè ràn án lọ́wọ́ láì bú u?

3. Iṣẹ́ wo ni olùkọ́ wa ń dá ṣe tí àwa lè gbà ṣe láti ọ̀sẹ̀ yìí?